Ìyá ọkọ mi ń kí mi kú ìdáwà, bẹ́ẹ̀ ilé tó dákẹ́ yìí dùn mọ́ mi

Ìyá Tóbi Aberdeen:

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún, ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyọ̀. Mo ní ìbéèrè kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín.

Láti ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kejìlá ni ilé mi ti kún. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, ọkọ ẹ̀ àti ọmọ wọn mẹ́ta wá láti Manchester. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi wá láti Dagenham. Àwa mẹ́ta tí a ni ilé náà wà ńbẹ̀. Fúláàtì oníyàrá méjì ni à ń gbé o. Ẹ bá mi ka orí: èèyàn mẹ́sàn-án, ilé ìwẹ̀ kan. Bàbá gba yàrá Tóbi, àwọn ọmọ sùn sílẹ̀ ní pálọ̀, èmi àti àbúrò ọkọ mi jọ pín bẹ́ẹ̀dì, ibi tí àwọn ọkọ wa sùn, ẹ má bi mí. Aago mẹ́fà kò ní tíì lù tí Bàbá á ti máa kan ilẹ̀kùn kiri pé ká dìde àdúrà. Mo fi ìkòkò tí mo rà nígbà ìkómọ Tóbi se ìrẹsì. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí ìkòkò yẹn ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mi ò ráhùn o. A jẹ, a mu, a jó, àwọn ará ìsàlẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, a fún wọn ní mọ́ínmọ́ín, wọ́n padà sílé.

Ní Scotland níbí, ọjọ́ kejì ọdún tuntun náà, ìsinmi ni. Ní England, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn àlejò mi dìde lọ́jọ́ kìíní gan-an, torí wákàtí mẹ́fà ó kéré tán ni wọ́n máa fi wakọ̀ dé Manchester, kí Bàbá tó tún wọ ọkọ̀ míì lọ sí London. Mo ń juwọ́ sí wọn títí iná ẹ̀yìn mọ́tò fi yà ní kọ́nà. Mo wọlé, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn tòun ti kóòtù. Mi ò mọ ìgbà tí mo lò níbẹ̀.

Ọkọ mi náà lọ sórí òkun lọ́jọ́ kẹta. Ibi tí wọ́n ti ń wa epo ló ti ń ṣiṣẹ́, hẹlikópítà ló máa ń gbé wọn lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló máa ń lò kó tó dé. Tóbi wọlé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kẹfà. Èmi fúnra mi gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, torí èmi ni mo ṣe òru Kérésì àti òru ọjọ́ kejì ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà yẹn, mo sin Tóbi dé géètì ilé-ìwé, mo padà wálé, mo bọ́ bàtà, mo sì gbọ́ fíríìjì. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gbé ilé yìí, mi ò mọ̀ rí pé fíríìjì mi ń kùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìhà ibí, ẹ mọ̀ pé oòrùn kì í yọ lásìkò yìí àfi bí aago mẹ́sàn-án bá kù díẹ̀. Kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ó ti wọ̀. Kò sì ní gòkè o, ẹ̀yìn òrùlé ilé òdìkejì ló máa ń rá pálá gbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìkúukùu kò bá sí, bó bá di aago mọ́kànlá ààbọ̀, ó máa ń rí àyè láàrin ṣímínì méjì, á gba ojú fèrèsé kíṣìnì wọlé, á bọ́ sórí àga kan. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì ló ń lò, mo ti fi aago wò ó. Orí àga yẹn ni mo máa ń jókòó sí. Bí oòrùn bá sún, èmi náà á sún àga. Òkúta ara ilé òdìkejì tó máa ń rí bí eérú látàárọ̀, ìgbà yẹn á máa dán yínrínyínrín bí ẹni da iyọ̀ sí i. Tíì ni mo máa ń mu. Mi ò wo fóònù, mi ò ka ìwé, mi ò gbàdúrà pàápàá, Ọlọ́run dárí jì mí. Aṣọ ìbora gbogbo àlejò ni mo ti fọ̀, wọ́n wà lórí rédíétọ̀ nínú ilé, ojú fèrèsé ń làágùn. Ọbẹ̀ wà nínú fíríísà, ike áíìsìkíríìmù mẹ́rin gbáko. Kò sí nǹkan tó ń lé mi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ rèé. Gbogbo àárọ̀ ni Màmá, ìyá ọkọ mi, ń pè láti Òṣogbo. "Ìyàwó mi, o kú ìdáwà o. Ilé á ti pa lọ́lọ́. Pẹ̀lẹ́ o, o kú ìfaradà." Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún ìyá ọkọ pé láti ìgbà tí àwọn èèyàn yín ti lọ ni ara ti tù mí? Ni mo bá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ ṣé mà. A ń fara dà á." Mo tún wá mí kanlẹ̀. Ìmí yẹn ló kó bá mi.

Lánàá ni Màmá tún pè pé àánú mi kò jẹ́ kí àwọn sùn. Wọ́n ti bá ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń kàwé ní Dundee sọ̀rọ̀, kó wá máa bá mi gbé títí ọkọ mi á fi dé. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ló ń bọ̀. Dundee kò sì jìnnà, wákàtí kan lé díẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Ọmọ dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, àfi pé bó bá ti lajú láàárọ̀ ló ti ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tó sì máa ń gbé ohùn ẹ̀ síta kí gbogbo ilé lè gbọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó wọ ilé wọn. Mi ò pe orúkọ ẹ̀ rí. Opélẹ́ńgẹ́ ni mo ń pè é láti ìgbà tó ti wà ní praimárì kẹta. Ẹ kúkú mọ ohun tí mò ń sọ. Ilé bàbá ẹ̀ ló ń bọ̀, èmi ìyàwó ni mo wá bá wọn.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ dá a dúró tí kò ní di ọ̀rọ̀ ẹbí? Èkejì, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe mí báyìí? Nílé tiwa, bí èèyàn bá dá jókòó láìsọ̀rọ̀, wọ́n á bi í pé ta ló ṣẹ̀ ẹ́.

Dúrójayé Leeds:

Háà! Ìyá Tóbi, ìmí tẹ́ ẹ mí yẹn, ẹ máa san gbèsè ẹ̀.

Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé, mo sọ fún ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde pé ó ń ṣe mí bí ẹni tó nìkan wà. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni o, mo kàn fẹ́ kí wọ́n ní "pẹ̀lẹ́, ọmọ mi" ni. Ìyá mi pe pásítọ̀ wọn, pásítọ̀ pe ẹ̀ka ìjọ tó wà níbí. Ní ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́jọ alẹ́, yìnyín ń bọ́, ẹgbẹ́ aládùúrà márùn-ún dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Yàrá mi kò ju ibi tí bẹ́ẹ̀dì kan àti tábìlì kan gbà lọ. Aago mọ́kànlá ni wọ́n ṣe àmín. Wọ́n jẹ búrẹ́dì tó yẹ kó gbé mi dé ọjọ́ owó oṣù, ẹ sì mọ bí oṣù Ṣẹ́rẹ́ ṣe ń rí: wọ́n ti san owó oṣù Kejìlá ṣáájú Kérésì, owó ti lọ, ọjọ́ kò lọ.

Ẹ má pe Màmá. Opélẹ́ńgẹ́ ni kí ẹ pè. Ọmọ ọdún méjìlélógún tó ní yàrá tiẹ̀ ní yunifásítì, ṣé ẹ rò pé òun náà ń wá ibi tó ti máa bá yín gbọ́ fíríìjì? Wọ́n fi iṣẹ́ àgbà rán an ni. Bóyá òun gan-an ti ń wá ọ̀nà tó máa gbà yọ. Ẹ jọ fẹnu kò. Ẹ ní ìdánwò ń bọ̀. Màmá àgbà wo ló máa ní kí ọmọ fi ìdánwò sílẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Sheffield:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo fẹ́ ba ayọ̀ àga yín jẹ́ díẹ̀. Oòrùn tó gba inú gíláàsì wọlé kò lè fún ara yín ní fítámì D. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ yẹn nínú oòrùn, gíláàsì kì í jẹ́ kó kọjá. Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ gbé àga síta, láti oṣù Kẹwàá títí wọ oṣù Kẹta, oòrùn ilẹ̀ yìí kò lágbára tó. NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba níbí, ní kí gbogbo èèyàn ronú lílo oògùn fítámì D, máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́, nígbà òtútù. Fún àwa tí awọ ara wa dúdú, wọ́n ní ká ronú lílo ó yíká ọdún ni. Kò wọ́n, ẹ máa rí i ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń ra mílíìkì.

Ẹ wá ká aṣọ lórí rédíétọ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sá a nínú ilé ṣáá, ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀, ẹ pa ilẹ̀kùn yàrá náà dé. Omi tó ń ṣàn lójú fèrèsé yẹn, inú aṣọ ló ti wá. Ara ògiri ló ń bọ̀, bó bá sì dé ibẹ̀, nǹkan dúdú tó máa hù níbẹ̀ á gba ọmọ láyà. Mo rí àwọn ọmọ wa tó ń wúkọ́ ní gbogbo Jánúárì, bí a bá bi àwọn òbí wọn dáadáa, ọ̀rọ̀ aṣọ sísá yìí náà ni.

Ní ti ìbéèrè yín kejì: ṣé ẹ ń sùn? Ṣé oúnjẹ ń lọ? Bí Tóbi bá dé láago mẹ́ta, ṣé inú yín ń dùn láti rí i, àbí ẹsẹ̀ yín wúwo láti lọ mú un? Bó bá jẹ́ pé inú yín ń dùn, kò sí nǹkan kan tó ń ṣe yín. Ó ti rẹ̀ yín ni. Ẹni tó ṣe òru méjì tẹ̀ léra, tó tún wá dáná fún èèyàn mẹ́sàn-án! Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí gbogbo nǹkan bá sú yín, tí ẹ kò fẹ́ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ má jẹ́ kó di oṣù kẹta. Ẹ lọ rí dókítà yín. Òkùnkùn yìí máa ń mú àwọn kan.

Bàbá Peckham:

Ìyá Tóbi, mo kí ẹ o. O kú ọdún.

Ọdún 1977 ni mo dé London, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Òtútù tí mi ò lè gbàgbé ni ti Jánúárì 1979. Yìnyín bo ilẹ̀, àwọn awakọ̀ akẹ́rù dáṣẹ́ sílẹ̀, kò pẹ́ àwọn akólẹ̀kódọ̀tí náà dáṣẹ́ sílẹ̀, àpò ìdọ̀tí di òkè ní Leicester Square, níbi tí àwọn èèyàn ti ń lọ wo sinimá. Yàrá kan ni èmi àti ìyàwó mi ní. Hítà oníkẹrosíìnì wà láàrin yàrá, òórùn ẹ̀ wọnú kóòtù wa. Bí o bá jókòó ti ẹnì kan nínú bọ́ọ̀sì, òórùn yẹn lo máa fi mọ̀ pé irú yàrá tìrẹ ni òun náà ti ń bọ̀. Mítà iná wà lára ògiri, ẹyọ owó la ń fi sí i. Bí owó bá tán lóru, ó di kí ọkùnrin máa fi ọwọ́ tá ilẹ̀ wá pẹ́nì mẹ́wàá. Fóònù kò sí. Lẹ́tà la fi ń gbúròó ilé. Ìgbà tí wọ́n bá máa fi kọ̀wé pé orí ń fọ́ ìyá, orí ti san, ó ti lọ sóko ó ti dé.

Ìyàwó mi fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ bíi tìrẹ. Bí àwọn ọmọ bá ti lọ ilé-ìwé, ó máa ń pa rédíò tí mo bá tàn. Mo bá a jà lórí rédíò yẹn fún ọdún mélòó kan!

Ó ti di ọdún mẹ́rin tó ti lọ. Àwọn ọmọ wá lọ́jọ́ Kérésì, wọ́n sì lọ lọ́jọ́ kejì ẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́. Báyìí kí n tó gòkè lọ sùn, mo máa ń tan rédíò sílẹ̀ ní kíṣìnì, kí n lè máa gbọ́ bíi pé ẹnì kan ṣì ń ṣe nǹkan nísàlẹ̀. Mi ò ní kí o káàánú mi. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìwọ, jókòó lórí àga rẹ, má bi ẹnikẹ́ni. Ọmọ rẹ ń bọ̀ láago mẹ́ta. Ọkọ rẹ ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó mọ aago tí ariwo máa dé kò tíì dáwà.

Ọmọ yẹn ńkọ́? Jẹ́ kó wá, kó lo ọjọ́ méjì. Ní kó bá ọ gé irun Tóbi, tàbí kó kó aṣọ wọ̀nyẹn.

Àbẹ̀kẹ́ Ìlọrin:

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo wà nílé náà dá sí i. Ọyẹ́ ti gbé wa níbí. Ètè là, ẹsẹ̀ là, òrí la fi ń para láàárọ̀ lálẹ́. Tábìlì tí mo nù lẹ́yìn ìrun àárọ̀, kó tó di ọ̀sán mo ti lè fi ìka kọ orúkọ mi sórí ẹ̀. Lóru ọ̀hún èèyàn ń bora, lọ́sàn-án oòrùn ń gbóná. Àwọn ará Èkó àti Àbújá tó wálé ti padà. Géètì àwọn aládùúgbò mi méjì ti wà ní títì pa, ajá nìkan ló kù. Nítorí náà kì í ṣe ilé tiyín nìkan ló dákẹ́ o.

Ìyá Tóbi, mo ka ohun tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ sọ iye èèyàn tó wà nílé yín. Ẹ sọ ẹni tó lọ àti ọjọ́ tó lọ. Ẹ sọ iye ìṣẹ́jú tí oòrùn ń lò lórí àga. Mo wá ilé Màmá tì níbẹ̀. Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn?

Ìyá tèmi, bí ebi bá ń pa wọ́n, wọn kò ní sọ. Wọ́n á ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé ebi kò máa pa ọ́?" Ọmọ ogójì ọdún ni mí kí n tó mọ̀ pé oúnjẹ ni wọ́n ń tọrọ. Ìyá tó ń pe ìyàwó ọmọ ní gbogbo àárọ̀ kó lè kí i kú ìdáwà, ta ni ẹ rò pé ó ń kí?

Dúrójayé Leeds:

Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́, ẹ ti pa mí. Mo ń lọ pe ìyá mi.

Ìyá Tóbi Aberdeen:

Ẹ ṣé, gbogbo yín. Bàbá Peckham, ẹ kú ọ̀rọ̀ Màmá tó lọ, ẹ̀yìn wọn á dára. Mo ka ti rédíò yẹn, mo dìde lórí àga.

Mo pe Opélẹ́ńgẹ́. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé mò ń sunkún lálaalẹ́, pé mi ò jẹun mọ́! Ó ti di ẹrù. Mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní òun mọ̀ pé mi ò kì í ṣe ẹlẹ́kún, àmọ́ òun ṣì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, òun á padà lọ́jọ́ Àìkú, kì í ṣe tèmi ló ń gbé òun bọ̀ bí kò ṣe ti ike áíìsìkíríìmù. Mo ti lọ sọ fún un pé ẹ̀fọ́ rírò wà nínú ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì, mo ti ra fítámì náà, mo sì ti ká aṣọ. Ẹ̀yìn kọ́tìnì yàrá Tóbi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lóòótọ́, mo ti fi bílíìṣì nù ún.

Ó wá ku Màmá. Àbẹ̀kẹ́, mo bínú sí yín fún bí wákàtí kan, kí ẹ mọ̀. Lẹ́yìn náà mo pe Màmá fúnra mi, wọ́n bẹ̀rù, wọ́n ní "kí ló ṣẹlẹ̀?", torí àwọn ló máa ń pè mí. Mo ní kò sí nǹkan mà, mo kàn ní kí n bi yín pé ta ló wà lọ́dọ̀ yín. Wọ́n ní "Ta ni ì bá wà?" Wọ́n sì yí i sí ọ̀rọ̀ ata, pé ata tó wọ́n lọ́jà Ìgbóǹnà lọ́jọ́ Kérésì kò tíì wálẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni mo gbọ́ yòókù. Àwọn ará Àbújá lọ lọ́jọ́ kẹrin. Ọmọbìnrin tó ń gbé ọ̀dọ̀ wọn ti padà sílé-ìwé ní Ìkirun. Ẹ̀wà tí wọ́n sè lọ́jọ́ Àìkú, Ọjọ́rú ni wọ́n jẹ ẹ́ tán, torí ìkòkò kékeré kò sí nílé tó ti gba èèyàn mẹ́rìndínlógún lọ́jọ́ ọdún. Èmi tí mo mọ ìṣẹ́jú oòrùn, mi ò mọ gbogbo ìyẹn.

Lónìí, nígbà tí oòrùn bọ́ sórí àga, mo gbé fóònù ti ike iyọ̀, mo ṣí kámẹ́rà. Màmá jókòó sí kọ́rídọ̀ pẹ̀lú atẹ ẹ̀wà lórí itan, ṣúwẹ́tà ọkọ mi lọ́rùn wọn nítorí ọyẹ́. A kí ara wa tán. Lẹ́yìn ìyẹn a ò sọ nǹkan kan mọ́. Èmi ń mu tíì, àwọn ń ṣa ẹ̀wà. Ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ń gbọ́ ẹ̀wà tó ń bọ́ sínú abọ́ lókọ̀ọ̀kan. Ìgbà tó yá n kò gbọ́ ọ mọ́, mo rò pé nẹ́tíwọ́kì ti lọ. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ ṣì wà ńbẹ̀?"

Wọ́n ní, "Mo wà ńbẹ̀. Dákẹ́, òkúta ni mò ń wá."